Nígbà tí Káńsù bá ní kí Ẹ Bọ́ Síta: Òfin Ìpàdé Gbangba àti Ìpàdé Bòńkẹ́lẹ́ ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì

Ẹ jókòó sórí àga ẹ̀yìn nínú gbọ̀ngàn káńsù, ní nǹkan bí aago méje ààbọ̀ alẹ́. Nọ́ńbà 12 lórí àjẹ́ńdà ni ọ̀rọ̀ tó gbé yín wá: káńsù fẹ́ ta ilẹ̀ tó wà lẹ́yìn ẹ́sítéètì yín. Bí wọ́n ṣe parí nọ́ńbà 11, alága fa ìwé kan yọ, ó ka gbólóhùn gígùn kan bí ẹni tí òjò ń lé bọ̀, ó ní ṣé ẹ gbà bẹ́ẹ̀, àwọn káńsẹ́lọ̀ nawọ́. Òṣìṣẹ́ kan wá bá yín tẹ̀ríntẹ̀rín: ẹ jọ̀wọ́, ẹ ó ní láti bọ́ síta. Kí ẹ tó kó báàgì yín tán, wọ́n ti ń ti ilẹ̀kùn.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn á lọ sílé, wọ́n á máa sọ pé káńsù ti gbìmọ̀ èrú. Ó lè rí bẹ́ẹ̀, ó sì lè má rí bẹ́ẹ̀. Inú gbólóhùn gígùn tí alága fi eré kà yẹn ni ìdáhùn wà. Bí ó bá pé, ilẹ̀kùn tí wọ́n tì bófin mu. Bí ó bá lábùkù, ẹ ní ẹjọ́ í rò. Ohun tí kì í tètè yé ènìyàn ni pé òfin kò fún káńsù láṣẹ láti ti ìpàdé. Ọ̀rọ̀ kan pàtó ni wọ́n lè fi pamọ́. Wọ́n sì gbọ́dọ̀ sọ irú ọ̀rọ̀ tó jẹ́, kí wọ́n dìbò lé e lójú yín, kí wọ́n sì ṣílẹ̀kùn padà bí iṣẹ́ mìíràn bá kù lẹ́yìn rẹ̀.

Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì là ń bá wí o. Skọ́tíláńdì ní òfin tirẹ̀, Wales náà ti ṣe àyípadà tó pọ̀ sí èyí tí wọ́n jọ ń lò tẹ́lẹ̀. Ẹni tó ń gbé Cardiff tàbí Glasgow kò gbọdọ̀ fi nọ́ńbà abala òfin tó wà nísàlẹ̀ yìí jiyàn.

Ibi tí òfin náà ti ṣẹ̀ wá

Títí di ọdún 1908, káńsù lè lé akọ̀ròyìn jáde bó ṣe wù ú. Ní ọdún náà gan-an ni ilé ẹjọ́ dájọ́ pé káńsù Tenby ní ẹ̀tọ́ láti ti Frank Mason, olóòtú ìwé ìròyìn Tenby Observer, mọ́ta. Ariwo ẹjọ́ náà ló bí òfin 1908 tó gba akọ̀ròyìn wọlé sí ìpàdé gbogboogbò káńsù. Àmọ́ àwọn káńsù tètè rí ọ̀nà ẹ̀bùrú: gbogbo ilé á sọ ara wọn di ìgbìmọ̀ fún wákàtí kan, òfin náà kò sì mú ìgbìmọ̀. Nígbà ìdaṣẹ́sílẹ̀ àwọn òṣìṣẹ́ ilé ìtẹ̀wé ní 1959, àwọn káńsù kan tún lé akọ̀ròyìn tí kò dara pọ̀ mọ́ ìdaṣẹ́sílẹ̀ jáde. Ọmọ ilé aṣòfin tuntun kan fi ọ̀rọ̀ yìí ṣe àbádòfin, òun náà ló sì fi sọ̀rọ̀ àkọ́sọ rẹ̀ nílé aṣòfin ní ọjọ́ 5, oṣù Kejì, 1960. Margaret Thatcher ni. Òfin tí ó mú wọlé nígbà náà ṣì ń ṣiṣẹ́ títí di òní, pàápàá fún káńsù kéékèèké abúlé àti ìlú tí wọ́n ń pè ní parish council.

Fún àwọn káńsù ńlá, bíi borough Lọ́ńdọ̀nù, county àti district, òfin tó lágbára jù ni Local Government Act 1972, láti abala 100A lọ. Òfin 1985 ni wọ́n fi ki apá yìí bọ inú rẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ 1, oṣù Kẹrin, 1986. Àkójọ irú ọ̀rọ̀ tí wọ́n lè fi pamọ́ wà ní ẹ̀yìn òfin náà, ní Schedule 12A, tí wọ́n tún kọ látòkèdélẹ̀ ní 2006.

Ta ni òfin gbà wọlé?

Gbogbo ènìyàn. Òfin kò béèrè pé kí ẹ jẹ́ ọmọ ìlú, kò béèrè físà, kò sọ pé kí ẹ máa dìbò tàbí kí ẹ máa gbé ní àdúgbò náà. Ẹni tó wá kí ọmọ rẹ̀ ní Peckham láti Ìbàdàn lè jókòó gbọ́ ìpàdé káńsù Southwark láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Àmọ́ ẹ̀tọ́ láti gbọ́ yàtọ̀ sí ẹ̀tọ́ láti sọ̀rọ̀. Òfin kò fún ará ìlú ní ẹ̀tọ́ ọ̀rọ̀ sísọ níbi ìpàdé. Ìlànà tí káńsù kọ fún ara rẹ̀ ló ń sọ ẹni tó lè sọ̀rọ̀. Nínú ìgbìmọ̀ tó ń gbọ́ ẹjọ́ planning, ìyẹn ìbéèrè fún àṣẹ ilé kíkọ́, ó wọ́pọ̀ kí wọ́n fún àwọn tó ń ta ko iṣẹ́ ní ìṣẹ́jú mẹ́ta péré, kí gbogbo wọn pín in láàárín ara wọn, kí wọ́n sì ti forúkọ sílẹ̀ ṣáájú ọjọ́ ìpàdé. Ẹni tó bá dé lálẹ́ ọjọ́ náà láìforúkọ sílẹ̀, ìran ló wá wò.

Bí ẹ bá fẹ́ gba ohùn tàbí fídíò, kò sí ẹni tó lè dá yín dúró níbi ìpàdé tó ṣí sílẹ̀. Láti ọjọ́ 6, oṣù Kẹjọ, 2014 ni òfin ti fún ẹnikẹ́ni láṣẹ láti ya fídíò, gba ohùn, ya fọ́tò àti láti máa kọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sórí íńtánẹ́ẹ̀tì lójú ẹsẹ̀. Ohun tí wọ́n lè dènà ni kí ẹ máa fẹnu ṣàlàyé sínú fóònù bí ẹni ń ròyìn bọ́ọ̀lù nígbà tí ìpàdé ń lọ. Wọ́n sì lè lé ẹni tó bá ń dá ìpàdé rú jáde, ṣùgbọ́n fóònù tí ẹ gbé dání lásán kì í ṣe ìdarúdàpọ̀. Bí wọ́n bá ti ilẹ̀kùn bó ti yẹ, ẹ kò lè fi fóònù tó ṣì ń gba ohùn sílẹ̀ sórí àga.

Ìpàdé tí òfin yìí mú àti èyí tí kò mú

Ibí ni ọ̀pọ̀ àríyànjiyàn ti ń bẹ̀rẹ̀. Òfin mú ìpàdé gbogboogbò káńsù, ó mú àwọn ìgbìmọ̀ rẹ̀, ó sì mú àwọn ìgbìmọ̀ abẹ́ ìgbìmọ̀. Cabinet, ìyẹn olórí káńsù àti àwọn káńsẹ́lọ̀ díẹ̀ tó ń ṣàkóso pẹ̀lú rẹ̀, ní ìlànà tiwọn tó bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 10, oṣù Kẹsàn-án, 2012. A ó padà sórí ìyẹn.

Òfin kò mú ìpàdé ẹgbẹ́ òṣèlú. Bí àwọn káńsẹ́lọ̀ ẹgbẹ́ kan bá pàdé ní alẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú, tí wọ́n sì fẹnu kò lórí bí wọn yóò ṣe dìbò, ìpàdé káńsù kọ́ nìyẹn, ẹ kò sì lẹ́tọ̀ọ́ láti wọlé. Bákan náà ni ìpàdé tí òṣìṣẹ́ fi ń ṣàlàyé ọ̀rọ̀ fún káńsẹ́lọ̀, àti èyí tí wọ́n ń pè ní working group tàbí task group. Orúkọ yìí ni kí ẹ máa ṣọ́. Bí ẹgbẹ́ iṣẹ́ kan kò bá ní agbára láti pinnu ohunkóhun, tó kàn ń gba ènìyàn nímọ̀ràn, ó lè pàdé ní bòńkẹ́lẹ́ láìrú òfin. Bí wọ́n bá gbé agbára ìpinnu lé e lọ́wọ́, ìgbìmọ̀ ló dà, ohun yòówù kí wọ́n máa pè é. Ìbéèrè tó yẹ kí ẹ kọ ránṣẹ́ sí káńsù nìyí: ṣé ẹgbẹ́ yìí lè pinnu, àbí ìmọ̀ràn nìkan ló ń mú wá? Kí wọ́n sì tọ́ka sí ibi tó wà nínú ìwé òfin káńsù, èyí tí wọ́n ń pè ní constitution.

Kíka ọjọ́

Káńsù gbọ́dọ̀ kéde ìpàdé, kí ó sì gbé àjẹ́ńdà àti ìwé ìjábọ̀ síta ní ọjọ́ márùn-ún tó mọ́ gaara ṣáájú. Ọjọ́ tó mọ́ gaara túmọ̀ sí pé wọn kì í ka ọjọ́ tí ìwé jáde, wọn kì í sì í ka ọjọ́ ìpàdé fúnra rẹ̀. Àwọn káńsù ńlá kì í ka òpin ọ̀sẹ̀ àti ọjọ́ ìsinmi ìjọba mọ́ ọn. Ẹ jẹ́ ká kà á pọ̀: bí ìpàdé bá jẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ẹ padà sẹ́yìn, Ajé ni ọ̀kan, Ẹtì ni méjì, Ọjọ́bọ̀ ni mẹ́ta, Ọjọ́rú ni mẹ́rin, Ìṣẹ́gun ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú ni márùn-ún. Ó pẹ́ tán, kí àjẹ́ńdà ti jáde ní ọjọ́ Ajé ọ̀sẹ̀ yẹn. Bí ìsinmi ìjọba bá bọ́ sí ọjọ́ Ajé tó ṣáájú ìpàdé, kò ní lè dúró de ìgbà yẹn. Ọjọ́ Ẹtì tó ṣáájú ọ̀sẹ̀ náà ló ti gbọ́dọ̀ jáde.

Ti parish council kéré sí èyí: ọjọ́ mẹ́ta tó mọ́ gaara. Wọn kì í ka ọjọ́ Àìkú níbẹ̀, ṣùgbọ́n wọ́n ń ka Àbámẹ́ta, èyí tó máa ń ya àwọn ènìyàn lẹ́nu.

Ohun tí kò bá sí lórí àjẹ́ńdà, wọn kò lè pinnu rẹ̀. Ọ̀nà kan ṣoṣo tó wà ni kí alága sọ pé ọ̀rọ̀ náà jẹ́ kánjúkánjú, kí ó sì sọ ìdí pàtàkì tó fi rí bẹ́ẹ̀, kí wọ́n kọ ìdí náà sínú àkọsílẹ̀ ìpàdé. “Any other business” tó máa ń wà ní ìsàlẹ̀ àjẹ́ńdà kì í ṣe àpò tí ènìyàn ń ki ọwọ́ bọ̀ fa ìpinnu jáde. Bí wọ́n bá fún ilé iṣẹ́ kan ní owó lábẹ́ orí ọ̀rọ̀ yẹn láìsí ìdí kánjúkánjú, ẹ kọ nọ́ńbà ojú ìwé náà sílẹ̀.

“Confidential” àti “exempt”: ọ̀rọ̀ méjì tó jọra tí kì í ṣe ọ̀kan náà

Nínú Gẹ̀ẹ́sì ojoojúmọ́, méjèèjì dà bí àṣírí. Nínú òfin yìí, ọ̀nà wọn jìn síra.

Confidential kéré, ó sì le. Oríṣi méjì péré ni: ọ̀rọ̀ tí iléeṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ fún káńsù pẹ̀lú àdéhùn pé kò gbọdọ̀ tú síta, àti ọ̀rọ̀ tí òfin mìíràn tàbí àṣẹ ilé ẹjọ́ kà léèwọ̀. Bí irú rẹ̀ bá fẹ́ jáde níbi ìpàdé, dandan ni kí ará ìlú jáde. Káńsẹ́lọ̀ kò ní ẹ̀tọ́ láti yàn. Irú rẹ̀ kì í wọ́pọ̀ tó bí àwọn ènìyàn ti rò. Lẹ́tà tí ilé iṣẹ́ aládàáni kan tẹ “confidential” sí lórí kò sọ ọ̀rọ̀ di confidential lábẹ́ òfin yìí.

Exempt ni ẹ ó máa bá pàdé jù. Níbí, àwọn káńsẹ́lọ̀ lè tì í, wọ́n sì lè fi í sílẹ̀ gbayawu. Oríṣi méje ló wà nínú Schedule 12A, ìpinnu tí wọ́n dìbò lé sì gbọ́dọ̀ sọ oríṣi tó kàn. Nọ́ńbà 1 àti 2 jẹ́ ti ẹnì kọ̀ọ̀kan: ọ̀rọ̀ nípa ènìyàn kan, tàbí èyí tó lè jẹ́ kí a mọ ẹni tí à ń sọ. Nọ́ńbà 4 jẹ́ ti ìdúnàádúrà láàárín káńsù àti àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀, 5 jẹ́ ti ìmọ̀ràn lọ́yà, 6 jẹ́ ti àkíyèsí tàbí àṣẹ tí káńsù fẹ́ fi òfin mú ẹnì kan, 7 jẹ́ ti ìwádìí àti ìdènà ìwà ọ̀daràn. Nọ́ńbà 3, èyí tí mo mọ̀ọ́mọ̀ fò, ni ti owó àti okòwò ẹnikẹ́ni, títí kan ti káńsù fúnra rẹ̀.

Kì í ṣe gbogbo ìgbà ni títì ilẹ̀kùn ń ṣe ará ìlú níbi. Ẹ wo awakọ̀ tákísì kan lẹ́yìn odi Lọ́ńdọ̀nù, níbi tó jẹ́ pé káńsù ló ń fúnni ní láísẹ́ńsì. Wọ́n fẹ́ gbọ́ ẹjọ́ rẹ̀ nítorí ìtanràn àtijọ́ kan tàbí àìsàn tó ní. Nọ́ńbà 1 ni wọ́n máa fi ti ilẹ̀kùn, awakọ̀ náà ni wọ́n sì ń dáàbò bò. Láísẹ́ńsì ọtí àti orin alẹ́ fún gbọ̀ngàn àríyá tàbí ilé oúnjẹ ní ìlànà mìíràn, ti 2005: gbangba ni wọ́n gbọ́dọ̀ ti gbọ́ ọ, àyàfi bí àǹfààní ìlú nínú títì í bá ju ti ṣíṣí i lọ.

Nọ́ńbà 3, níbi tí iṣu ti ń ta

Bí ẹ bá ka àjẹ́ńdà káńsù mẹ́wàá, ẹ ó rí i pé nọ́ńbà yìí ni wọ́n ń fà yọ jù. Títa ilẹ̀, gbígba agbaṣẹ́ṣe, àdéhùn pẹ̀lú àwọn tó fẹ́ wó ẹ́sítéètì kí wọ́n tún un kọ́, gbogbo rẹ̀ owó ni. Ìdí tó mọ́gbọ́n dání wà fún un. Bí ilé iṣẹ́ mẹ́ta bá ń du kọntirákìtì kan, tí káńsù sì ka iye tí ọ̀kọ̀ọ̀kan béèrè síta kí wọ́n tó fọwọ́ sí i, ẹni tó béèrè owó kékeré á tún owó rẹ̀ gbé sókè, ará ìlú ni yóò sì san án. Bí káńsù bá fẹ́ ra ilé, kò ní fẹ́ kí ẹni tó ń tà á mọ iye tó lè nà dé.

Àmọ́ ìdí yìí ní ọjọ́ orí. Ohun tó yẹ kí a bò kí wọ́n tó fọwọ́ síwèé, ó lè má sí ìdí mọ́ láti bò ó lóṣù mẹ́fà lẹ́yìn náà. Ìlànà ìjọba ti 2015 sọ pé káńsù gbọ́dọ̀ máa tẹ ìnáwó tó bá ju £500 lọ síta ní oṣù mẹ́ta mẹ́ta, pẹ̀lú kọntirákìtì tó bá ju £5,000 lọ. Nítorí náà, bí wọ́n bá lé yín jáde nítorí iye kọntirákìtì kan, ó ṣeé ṣe kí ẹ bá iye náà lórí ojú òpó káńsù kan náà láìpẹ́.

Òfin tún fa ààlà méjì sí ẹ̀yìn àkójọ náà. Àkọ́kọ́, ọ̀rọ̀ owó ilé iṣẹ́ tó jẹ́ dandan kí ó ti fi sílẹ̀ lábẹ́ òfin, bí ìforúkọsílẹ̀ kọ́ńpìnnì, kì í ṣe exempt lábẹ́ nọ́ńbà 3. Ìkejì ṣe pàtàkì fún ẹni tó ń gbé ẹ́sítéètì: bí káńsù bá fẹ́ kọ́ ilé sórí ilẹ̀ tirẹ̀, tó sì jẹ́ pé òun fúnra rẹ̀ ni yóò fún ara rẹ̀ ní àṣẹ planning, ọ̀rọ̀ nípa iṣẹ́ náà kò ṣeé fi bò lábẹ́ àkójọ méje yẹn. Adájọ́ tó tún jẹ́ olùpẹ̀jọ́ gbọ́dọ̀ jókòó níta gbangba.

Lẹ́yìn nọ́ńbà, ìwọ̀n tún kù. Kí ọ̀rọ̀ kan bọ́ sí oríṣi kan kò tó. Àǹfààní ìlú nínú bíbò ó gbọ́dọ̀ ju àǹfààní ìlú nínú ṣíṣí i sílẹ̀ lọ. Ibí ni àbùkù pọ̀ sí jù. Ẹ ó rí ìjábọ̀ ogún ojú ìwé tí wọ́n bò látòkèdélẹ̀ nítorí ìlà mẹ́ta tó ní iye owó nínú. Ọ̀nà tó tọ́ ni kí wọ́n pín in sí méjì, àlàyé níta gbangba, iye owó nínú àfikún tí wọ́n bò. Ọ̀pọ̀ káńsù ti ń ṣe é bẹ́ẹ̀. Èyí tí kò bá ṣe é, ẹ bi í ìdí rẹ̀ ní kíkọ.

Gbólóhùn tí alága kà

Ẹ jẹ́ ká padà sí gbọ̀ngàn. Bí ẹ bá ṣí àjẹ́ńdà, ẹ ó rí i ní apá ìsàlẹ̀, lábẹ́ àkọlé bí “Exclusion of the Press and Public”. Àwọn ìwé tó wà lẹ́yìn rẹ̀ kò sí nínú èyí tó wà lọ́wọ́ yín. Lọ́wọ́ àwọn káńsẹ́lọ̀, ó lè jẹ́ ìwé aláwọ̀ pupa fẹ́ẹ́rẹ́ tàbí ofeefee. Òfin sọ pé kí wọ́n tẹ “Not for publication” sára ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n sì sọ irú oríṣi Schedule 12A tó jẹ́.

Ẹ ṣàkíyèsí ẹni tó pinnu pé kí ìwé náà má jáde: òṣìṣẹ́ ni. Ohun tí òṣìṣẹ́ rò pé ìpàdé yóò ṣe ló ń sọ. Àwọn káńsẹ́lọ̀ ló ni ìpinnu, wọ́n sì lè kọ̀. Nítorí náà, àkókò tó dára jù láti jà kì í ṣe ìgbà tí ẹ̀ṣọ́ bá ti ń fi ọ̀nà hàn yín. Láàárín ọjọ́ márùn-ún tí àjẹ́ńdà fi wà níta ni kí ẹ kọ lẹ́tà sí gbogbo ọmọ ìgbìmọ̀ náà, ojú ìwé kan péré: nọ́ńbà ọ̀rọ̀ tí wọ́n fẹ́ bò, ìdí tí ẹ fi rò pé nọ́ńbà Schedule 12A tí wọ́n fà yọ kò bá a mu tàbí pé àǹfààní ìlú wà nínú ṣíṣí i, àti ẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n dìbò ta ko títì í, tàbí ó kéré tán kí wọ́n gbọ́ apá tí kò ní iye owó nínú níta gbangba.

Ní alẹ́ ìpàdé, ẹ fetí sí ohun mẹ́ta. Ṣé wọ́n dá a lábàá, tí ẹlòmíràn kín in lẹ́yìn, tí wọ́n sì dìbò? Ṣé alága sọ nọ́ńbà tàbí apá ọ̀rọ̀ tí ó kàn, àbí ó kàn sọ pé “ìyókù ìpàdé”? Ṣé ó sọ oríṣi ọ̀rọ̀ tó jẹ́ gẹ́gẹ́ bí Schedule 12A ṣe kọ ọ́? “Nítorí pé ọ̀rọ̀ náà gbẹgẹ́” kì í ṣe oríṣi. “Nítorí àwọn ará ìlú ń bínú” náà kì í ṣe oríṣi.

Parish council kò lo Schedule 12A. Òfin 1960 ni tiwọn: wọ́n gbọ́dọ̀ dìbò pé gbígbọ́ ọ̀rọ̀ náà ní gbangba yóò pa àǹfààní ìlú lára nítorí àṣírí tó wà nínú rẹ̀, tàbí nítorí ìdí pàtàkì mìíràn tó ti ara iṣẹ́ náà wá, kí wọ́n sì sọ ìdí náà nínú ìpinnu. Ìlànà yìí fẹ̀, ó sì rọ̀ jù lójú wa, ṣùgbọ́n ìdìbò àti ìdí ṣì jẹ́ dandan.

Cabinet àti ọjọ́ 28

Ọ̀rọ̀ ńlá kì í bẹ̀rẹ̀ lálẹ́ ìpàdé. Bí cabinet bá fẹ́ ṣe ohun tí òfin ń pè ní key decision, ìyẹn ìpinnu tó máa ná káńsù ní owó tó tóbi ní ìwọ̀n ìṣúná rẹ̀, tàbí tó máa dá irú owó bẹ́ẹ̀ sí fún un, tàbí èyí tó máa kan àwọn ará àdúgbò gan-an nínú wọ́ọ̀dù méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ó gbọ́dọ̀ kéde rẹ̀ ní ọjọ́ 28 tó mọ́ gaara ṣáájú. Ìkéde yìí lọ́pọ̀ ìgbà wà nínú ìwé tí wọ́n ń pè ní Forward Plan lórí ojú òpó káńsù. Bí wọ́n bá sì fẹ́ ti apá kan ìpàdé cabinet, ìkéde ọjọ́ 28 mìíràn wà fún ìyẹn pẹ̀lú ìdí rẹ̀. Nígbà tó bá ku ọjọ́ márùn-ún tó mọ́ gaara, wọ́n gbọ́dọ̀ tún kéde lẹ́ẹ̀kejì, kí wọ́n to àwọn ẹ̀hónú tí ará ìlú fi ránṣẹ́ sínú rẹ̀, kí wọ́n sì dá wọn lóhùn níbẹ̀. Ẹ̀hónú yín á wà nínú ìwé ìjọba fún ẹnikẹ́ni láti kà. Àwọn tó mọ̀ nípa ẹ̀tọ́ yìí kò pọ̀, bẹ́ẹ̀ lẹ́tà kan péré ló gbà.

Nígbà tí kánjúkánjú bá wà, wọ́n lè dín ọjọ́ 28 kù, ṣùgbọ́n wọ́n gbọ́dọ̀ sọ fún alága ìgbìmọ̀ tó ń yẹ iṣẹ́ cabinet wò. Bí àkókò tó kù kò bá sì tó ọjọ́ márùn-ún, alága yẹn gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i.

Ìpinnu tí òṣìṣẹ́ dá ṣe nínú ọ́fíìsì náà ní àkọsílẹ̀ tirẹ̀ láti 2014: bí ó bá fúnni ní àṣẹ tàbí láísẹ́ńsì, bí ó bá kan ẹ̀tọ́ ẹnì kan, tàbí bí ó bá fọwọ́ sí kọntirákìtì tàbí ìnáwó tó nípa gidi lórí àpò káńsù. Àkọsílẹ̀ náà gbọ́dọ̀ wà fún ọdún mẹ́fà.

Bí wọ́n bá ti ti ilẹ̀kùn

Ẹ má lọ sílé. Bí iṣẹ́ mìíràn bá kù lẹ́yìn ọ̀rọ̀ tí wọ́n bò, ẹ lẹ́tọ̀ọ́ láti padà wọlé. Ẹ sọ fún òṣìṣẹ́ ìpàdé pé ẹ wà ní ẹnu ọ̀nà, ẹ sì kọ aago tí wọ́n tì í àti aago tí wọ́n ṣí i.

Lẹ́yìn náà, ẹ béèrè àkọsílẹ̀ ìpàdé, tó gbọ́dọ̀ wà fún yíyẹ̀wò fún ọdún mẹ́fà. Bí wọ́n bá yọ apá tí wọ́n bò kúrò, tí èyí tó kù kò sì jẹ́ kí ènìyàn mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ dáadáa, abala 100C nínú òfin 1972 sọ pé òṣìṣẹ́ káńsù gbọ́dọ̀ kọ àkópọ̀ kan tó ṣàlàyé rẹ̀ láì tú àṣírí náà. Ọ̀pọ̀ káńsù kì í kọ ọ́ àyàfi bí ẹnì kan bá béèrè. Àwọn ìwé tí wọ́n fi kọ ìjábọ̀ tó ṣí sílẹ̀, background papers, wà fún ọdún mẹ́rin. Ẹni tó bá mọ̀ọ́mọ̀ dí yín lọ́wọ́ láti yẹ ìwé tí ẹ lẹ́tọ̀ọ́ sí wò láìnídìí ti dẹ́ṣẹ̀, ìtanràn rẹ̀ sì lè tó £200.

Ìwé tí wọ́n tẹ “Not for publication” sí náà kò tíì bọ́. Òfin ìpàdé àti òfin ẹ̀tọ́ sí ìròyìn, Freedom of Information, yàtọ̀ síra. Kí ọ̀rọ̀ kan jẹ́ exempt níbi ìpàdé kò sọ ọ́ di èyí tí wọn kò ní fún yín nígbà tí ẹ bá kọ̀wé béèrè. Káńsù ní ọjọ́ iṣẹ́ 20 láti dáhùn. Bí ó bá kọ̀, ẹ kọ́kọ́ ní kí ó tún un yẹ̀ wò, kí ẹ tó gbé e lọ sọ́dọ̀ Information Commissioner, ọ́fíìsì tó ń bójú tó òfin náà. (Nàìjíríà náà ní òfin tó jọ ọ́ láti 2011, ọjọ́ méje ló sì fún wọn níbẹ̀, ṣùgbọ́n ìwé ni òfin tiwa ń ṣí, kì í ṣe ilẹ̀kùn ìpàdé.) Ẹ rántí ẹ́sítéètì Heygate ní Elephant and Castle. Káńsù Southwark àti ilé iṣẹ́ tó fẹ́ kọ́lé síbẹ̀ takú pé ìṣirò tí wọ́n fi pinnu iye ilé olówó pọ́ọ́kú kò gbọdọ̀ tú síta. Ní 2014 ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn ìròyìn pàṣẹ kí wọ́n tú púpọ̀ nínú rẹ̀ síta, lábẹ́ òfin ìròyìn àyíká.

Ilẹ̀kùn kan tún wà tí àwọn ènìyàn kì í rántí. Lọ́dọọdún, fún ọjọ́ iṣẹ́ 30, káńsù gbọ́dọ̀ ṣí ìwé owó rẹ̀ sílẹ̀ fún àwọn tí ọ̀rọ̀ kàn: ìwé ìnáwó, kọntirákìtì àti ìwé ẹ̀rí ìsanwó. Ẹ ṣọ́ ìkéde rẹ̀ lórí ojú òpó wọn, nítorí bí ọjọ́ 30 bá ti kọjá, ó di ọdún tó ń bọ̀.

Bí ẹ bá gbà pé wọ́n rú òfin, ẹni àkọ́kọ́ tí ẹ ó kọ̀wé sí ni Monitoring Officer. Gbogbo káńsù ńlá ló ní in, iṣẹ́ rẹ̀ sì ni láti kìlọ̀ fún káńsù nígbà tó bá fẹ́ ṣe ohun tí kò bófin mu. Ẹ kọ ọjọ́, nọ́ńbà ọ̀rọ̀, gbólóhùn tí alága kà àti ohun tó yẹ kó wà nínú rẹ̀ tí kò sí níbẹ̀. Bí ìdáhùn kò bá tẹ́ yín lọ́rùn, Ombudsman ìjọba ìbílẹ̀, tó ń gbọ́ ẹ̀sùn ará ìlú lórí káńsù, wà, bí ẹ̀yin fúnra yín bá jìyà nítorí àṣìṣe náà. Kò ní agbára lórí ọ̀pọ̀ parish council. Judicial review nílé ẹjọ́ gíga, ìyẹn kí adájọ́ yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ìpinnu káńsù bófin mu, ni ìgbẹ̀yìn, ó sì wọ́n. Ilé ẹjọ́ kì í sáré fagi lé ìpinnu nítorí àṣìṣe kékeré. Wọ́n á bèèrè ohun tí àṣìṣe náà bà jẹ́. Àkókò ibẹ̀ kì í dúró de ẹnikẹ́ni: kí ẹ tètè lọ, kó má sì kọjá oṣù mẹ́ta, bí ó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ planning, ọ̀sẹ̀ mẹ́fà péré ni, ìdúnàádúrà tí ẹ ń bá káńsù ṣe lọ́wọ́ kò sì dá kíka rẹ̀ dúró.